Òṣùwọ̀n agbára kẹ̀kẹ́

Òṣùwọ̀n agbára kẹ̀kẹ́ ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere láti mọ iye agbára tí ẹni tó ń gùn ún ń fi ẹsẹ̀ mú jáde. Wáàtì ni a fi ń ka agbára náà. Power meter ni àwọn tó ń tà á ń pè é. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìdíje ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó, ṣùgbọ́n lónìí ó ti di ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ fún eré ìdárayá lè rà, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ lè tó iye tí a fi ń ra odidi kẹ̀kẹ́ mìíràn. Ó wọ́n, ó sì ń gbé níbi tí òjò, ẹrẹ̀ àti ìgbọ̀nrìrì ti ń bá a jà lójoojúmọ́. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ wáráńtì kò ṣeé yà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yíyàn án: ibi tí ẹ̀rọ náà wà lára kẹ̀kẹ́ ni ó ń pinnu irú nọ́ńbà tí yóò máa mú wá, òun náà ni ó sì sábà máa ń pinnu ẹni tí yóò dáhùn nígbà tí ó bá bàjẹ́.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ipá, okun àti agbára fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà ní èdè Yorùbá. A lè fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìsí ẹni tí yóò ṣàwáwí. Nínú ìmọ̀ físíìsì, wọ́n yàtọ̀. Ipá ni bí ẹsẹ̀ ṣe ń tẹ pẹ́dàlì tó. Okun ni ohun tí a ná láti ṣe iṣẹ́ náà lápapọ̀. Agbára ni bí a ṣe ń yára ná an tó, ìyẹn iye okun tí ó ń lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ gbọn-in ṣùgbọ́n tí kò yí i, kò tíì fún kẹ̀kẹ́ ní agbára kankan, bó ti wù kí òógùn rẹ̀ pọ̀ tó.

Nǹkan méjì ni òṣùwọ̀n náà ń wá: ipá ìyí, ìyẹn ipá tó ń yí kíráǹkì, apá irin tí pẹ́dàlì so mọ́, àti bí kíráǹkì náà ṣe ń yára yí tó. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀ mọ́ ara wọn, agbára ni yóò jáde. Ká ní ẹnì kan ń mú 250 wáàtì jáde, tí kíráǹkì rẹ̀ sì ń yí ìgbà 90 ní ìṣẹ́jú kan. Ipá ìyí rẹ̀ yóò jẹ́ nǹkan bí newton-mítà 26.5. Bí apá kíráǹkì náà bá gùn ní mìlímítà 170, ipá tó ń yí i ní ìpíndọ́gba kò ju nǹkan bí newton 156 lọ, bí ìgbà tí a fi ẹrù kílò 16 kọ́ sára pẹ́dàlì. Apá irin tó le bẹ́ẹ̀ kò lè tẹ̀ débi tí ojú yóò rí i lábẹ́ irú ẹrù yìí. Síbẹ̀, ó ń tẹ̀.

Láti rí títẹ̀ bíńtín yìí, wọ́n máa ń lẹ fọ́nrán irin pẹlẹbẹ kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ strain gauge, mọ́ ara irin náà. Bí irin bá na, fọ́nrán á na pẹ̀lú rẹ̀, bí ó ṣe ń dènà iná mànàmáná tó á sì yí padà díẹ̀. Wọ́n ń so irú fọ́nrán bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní ọ̀nà tí à ń pè ní afárá Wheatstone, èyí tó lè fi ìyípadà tí ó kéré jọjọ hàn. Kọ̀ǹpútà kékeré inú ẹ̀rọ náà yóò sọ ọ́ di wáàtì, yóò sì fi í ránṣẹ́ láìsí wáyà, nípasẹ̀ ANT+ tàbí Bluetooth, sí ojú ẹ̀rọ tó wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tàbí sí fóònù.

Ooru ni ọ̀tá àkọ́kọ́ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Irin máa ń fẹ̀ bí ó bá gbóná, a sì máa sún kì bí ó bá tutù, fọ́nrán náà kò sì lè dá fífẹ̀ ooru mọ̀ yàtọ̀ sí títẹ̀ tí ẹsẹ̀ fà bí a kò bá ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń dá òṣùwọ̀n padà sí òdo kí a tó gbéra: kẹ̀kẹ́ á dúró jẹ́ẹ́, ẹsẹ̀ kankan kò ní sí lórí pẹ́dàlì, a ó sì sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó ka ipò yìí sí òdo. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ jáde láti inú ilé tó móoru sí ìta tó tutù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹ̀sùn tí wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìbàjẹ́ kò ju àìdápadà sí òdo lọ.

Ìtàn

Ulrich Schoberer, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó dá ilé-iṣẹ́ SRM sílẹ̀ ní ọdún 1986. Ó fi àwọn fọ́nrán náà sí àárín ibi tí kíráǹkì ti pàdé àwo eléyín tí ṣéènì ń yí lé lórí. Greg LeMond, ará Amẹ́ríkà tó gba ife-ẹ̀yẹ Tour de France ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wà lára àwọn agunkẹ̀kẹ́ olówó-iṣẹ́ tó kọ́kọ́ lò ó. Lẹ́yìn náà ni PowerTap gbé ìwọ̀n náà lọ sí àárín wílì ẹ̀yìn. Ní ọdún 2012, Stages Cycling ti ìlú Boulder ní ìpínlẹ̀ Colorado gbé ti rẹ̀ jáde, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá kíráǹkì òsì nìkan. Èyí ni ó já owó rẹ̀ wálẹ̀ débi tí àwọn tí kì í ṣe olówó-iṣẹ́ fi lè rà á. Garmin fi ti inú pẹ́dàlì, Vector, tẹ̀ lé e ní ọdún 2013.

Ìwé ni ó sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di ohun tí gbogbo ènìyàn lè lò. Hunter Allen àti Andrew Coggan tẹ Training and Racing with a Power Meter jáde ní ọdún 2006, nínú èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé ìwọ̀n tí à ń pè ní FTP: agbára tó ga jù lọ tí ènìyàn lè mú jáde ní ìdúróṣinṣin fún nǹkan bí wákàtí kan. Orí FTP ni wọ́n ń gbé gbogbo ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kà. Bí òṣùwọ̀n bá purọ́, gbogbo ètò náà á wọ́ lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ibi tí a ń fi í sí

Èyí tó wà láàárín kíráǹkì àti àwo eléyín ń wọn ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, omi kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í rọrùn láti yọ kúrò lára kẹ̀kẹ́ kan sí òmíràn, torí ó gbọ́dọ̀ bá irú àpótí bọ́ọ̀lù tó wà nínú férémù mu. Èyí tó wà ní àárín wílì ẹ̀yìn ń wọn agbára lẹ́yìn tí ṣéènì ti jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré díẹ̀ sí ti pẹ́dàlì láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú wọn ṣì í. Bí ó bá bàjẹ́, odidi wílì ni ó ń lọ sí ilé àtúnṣe.

Pẹ́dàlì ni ó rọrùn jù lọ láti gbé kiri. Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo, ènìyàn lè yọ Favero Assioma, tí wọ́n ń ṣe ní Ítálì, tàbí Garmin Rally kúrò lára kẹ̀kẹ́ kan kó sì dè é mọ́ òmíràn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí ó bá bàjẹ́, inú àpò kékeré ni yóò wọ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú pẹ́dàlì lásán. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ìtọ́nisọ́nà fún òǹrajà ṣe ń sọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n pẹ́dàlì náà ni ó súnmọ́ ilẹ̀ jù, òun ni òkúta ń gbá, òun ni ó sì ń kọ́kọ́ kanlẹ̀ bí kẹ̀kẹ́ bá ṣubú. Àwọn bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pẹ̀lú máa ń jẹ, jíjẹ bẹ́ẹ̀ kò sì sí lára ohun tí wáráńtì sábà máa ń bo. Ìdérí bátìrì náà ti dá wàhálà sílẹ̀ rí: lẹ́yìn tí Vector 3 jáde ní ọdún 2017, àwọn tó ń lò ó ráhùn pé nọ́ńbà ń já lójijì, Garmin sì fún àwọn oníbàárà ní ìdérí tuntun ní ọdún 2018.

Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá kíráǹkì òsì ni owó rẹ̀ sábà máa ń kéré jù. Ẹsẹ̀ òsì nìkan ni ó ń wọ̀n, á wá sọ nọ́ńbà náà di ìlọ́po méjì. Àròpọ̀ díẹ̀ á fi àléébù rẹ̀ hàn. Bí ẹsẹ̀ òsì bá mú 130 wáàtì jáde tí ọ̀tún mú 120, òótọ́ rẹ̀ ni 250, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ á ka 260. Bí òsì bá rẹ ẹni náà tí ọ̀tún gba iṣẹ́ ṣe, tí òsì wá di 120, tí ọ̀tún di 130, òótọ́ rẹ̀ ṣì ni 250, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀rọ á ka 240. Ogún wáàtì ti lọ láìsí ohun tó yí padà nínú agbára rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ lè kọ ọ́ sára páálí pé àṣìṣe ẹ̀rọ náà kò ju 1.5% lọ, kò sì purọ́, nítorí ohun tí ó fọwọ́ sọ̀yà ni ìwọ̀n ẹsẹ̀ òsì. Irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìbàjẹ́, wáráńtì kankan kò sì ní gbà á. Fún ẹni tí ó ń fi ara rẹ̀ wé ara rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, ó ṣì wúlò. Fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lẹ́yìn ìpalára, kò wúlò rárá.

Wáráńtì àti ẹ̀tọ́ òǹrajà

Gàráńtì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pe gbogbo ìlérí tó bá bá ọjà rìn, ìbáà ti ẹnu òǹtajà jáde, ìbáà wà nínú ìwé inú páálí. Òfin ya méjì sọ́tọ̀. Èkíní ni wáráńtì, ìlérí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ṣe, tí ó sì lè pààlà rẹ̀ bí ó bá ṣe fẹ́: ọdún kan tàbí méjì, fún ẹni tó kọ́kọ́ rà á nìkan, láìka jàǹbá tàbí ìgbó mọ́ ọn. Èkejì ni ẹ̀tọ́ tí òfin orílẹ̀-èdè fún òǹrajà, èyí tí ìwé inú páálí kò lè pa rẹ́.

Ní Ilẹ̀ọba Aṣọ̀kan, òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 sọ pé ẹni tó ta ọjà ni yóò dáhùn, kì í ṣe ẹni tó ṣe é. Òǹrajà lè dá ọjà tó lábùkù padà láàárín ọjọ́ 30 kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Bí àbùkù bá yọjú láàárín oṣù mẹ́fà, òfin á kà á sí pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi ọjà lé e lọ́wọ́, àfi bí òǹtajà bá lè fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹrù ẹ̀rí bọ́ sí èjìká òǹrajà, ṣùgbọ́n ó ṣì lè pe ẹjọ́ títí di ọdún mẹ́fà ní England, ọdún márùn-ún ní Scotland. Ẹni tó bá fi káàdì ìrajà-àwìn san owó ọjà tí iye rẹ̀ ju £100 lọ tí kò sì ju £30,000 lọ tún lè bá báńkì tó fún un ní káàdì náà wí, gẹ́gẹ́ bí abala 75 òfin Consumer Credit Act ti ọdún 1974 ṣe là á sílẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ìdáàbòbò ọdún méjì, ó kéré tán, lórí ọjà tuntun. Ọmọ Yorùbá tó ra òṣùwọ̀n ní London tó sì gbé e wá sí Èkó kò pàdánù ẹ̀tọ́ yìí, ṣùgbọ́n òǹtajà London ni ó gbọ́dọ̀ lọ bá.

Ní Amẹ́ríkà, Magnuson-Moss Warranty Act ti ọdún 1975 kan ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tí a lẹ̀ mọ́ kíráǹkì gan-an. Ilé-iṣẹ́ kò lè fagi lé wáráńtì rẹ̀ kìkì nítorí pé òǹrajà so ohun èlò ilé-iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọjà náà. Ó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun èlò yẹn ni ó fa ìbàjẹ́. Bí ó bá sì rí i fi hàn, kò ní dáhùn fún ìbàjẹ́ náà.

Ìpè-padà kíráǹkì Shimano

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Shimano ti ilẹ̀ Japan kéde pé kí àwọn tó ní kíráǹkì Dura-Ace àti Ultegra onípele 11 kan gbé e wá fún àyẹ̀wò. Àwọn tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù Keje ọdún 2019 ni ọ̀rọ̀ kàn, lára wọn ni FC-6800, FC-9000, FC-R8000, FC-R9100 àti FC-R9100P. Apá kíráǹkì wọ̀nyí jẹ́ alumíníọ́mù oníhò tí wọ́n fi gúlùù so abala méjì rẹ̀ pọ̀, àwọn abala náà sì lè yà kúrò lára ara wọn nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí pẹ́dàlì. Nǹkan bí 680,000 ni wọ́n ti tà ní Amẹ́ríkà nìkan. Àjọ tó ń mójú tó ààbò ọjà níbẹ̀ sọ pé ìròyìn 4,519 nípa kíráǹkì tó yà ti dé etígbọ̀ọ́ Shimano, ènìyàn mẹ́fà sì ti farapa, títí kan eegun tó ṣẹ́.

Àwọn kíráǹkì yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òṣùwọ̀n ti ń lẹ ẹ̀rọ wọn mọ́ fún ọdún púpọ̀. Shimano ṣèlérí láti fi kíráǹkì tuntun rọ́pò èyí tó bá kùnà nínú àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ti fi gúlùù lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ kò ṣeé ṣí kúrò kí a sì tún un lẹ̀ mọ́ tuntun. Ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan á wá di aláìníbùgbé nítorí àbùkù ẹlòmíràn. Ilé-iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan náà: ọ̀kan ṣe irin, èkejì ṣe ìwọ̀n, kò sì sí èyí tó ṣèlérí lórí iṣẹ́ èkejì. FC-R9100P yàtọ̀, nítorí Shimano fúnra rẹ̀ ni ó ṣe kíráǹkì àti òṣùwọ̀n rẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ní irú kíráǹkì bẹ́ẹ̀ lè wo àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn apá rẹ̀ láti mọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Òṣùwọ̀n àlòkù tó wà lára irú kíráǹkì yìí ṣì ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, nítorí náà àmì yìí ni ó yẹ kí òǹrajà kọ́kọ́ béèrè.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá kógbá sílé

Wáráńtì kò lè pẹ́ ju ẹni tó ṣe é lọ. Ní ọdún 2020, Pioneer fi iṣẹ́ òṣùwọ̀n kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Shimano. SRAM, tó ti ra Quarq ní ọdún 2011, ra PowerTap ní ọdún 2019. Ní ọdún 2024, Stages Cycling, tó sọ òṣùwọ̀n di ohun tí ará ilé lè rà, dá iṣẹ́ dúró. Spia Cycling ni ó ra orúkọ àti ohun ìní rẹ̀ lọ́dún náà. Ẹni tó bá ra ohun ìní ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé kì í sábà ru gbèsè ìlérí rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á. Ní irú àkókò yìí ni ìyàtọ̀ tí a ṣe lókè máa ń hàn: ẹni tó rà á lọ́wọ́ òǹtajà tó ṣì ń tajà ní ẹni tí yóò lọ bá, ẹni tó rà á tààrà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà sì ti di ọ̀kan lára àwọn tí ilé-iṣẹ́ jẹ ní gbèsè.

Kíkó ẹ̀rí jọ

Kí ènìyàn tó kọ̀wé ẹ̀sùn, ó yẹ kó pààrọ̀ bátìrì sí tuntun, kó mú sọ́fítíwià rẹ̀ bá ìgbà mu láti orí fóònù, kó sì dá a padà sí òdo. Àwọn ohun tí ilé-iṣẹ́ á kọ́kọ́ béèrè nìyí. Nọ́ńbà òdo náà ṣe pàtàkì, ó sì yẹ láti máa kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti rà á, nítorí bí ó bá ń fò káàkiri láti ọjọ́ kan sí èkejì nígbà tí ojú ọjọ́ kò yí padà, fọ́nrán tàbí gúlùù ni ó ṣeé ṣe kí ó ti bàjẹ́.

Bí òṣùwọ̀n bá lè fi ipá ìyí hàn, a lè fi ẹrù tí a mọ ìwọ̀n rẹ̀ dán an wò. Gbé kíráǹkì sí ìbú, di kẹ̀kẹ́ mú kí ó má yí, kí o sì fi ẹrù kílò 10 kọ́ sára pẹ́dàlì. Bí apá kíráǹkì bá gùn ní mìlímítà 172.5, newton-mítà 16.9 ni ó yẹ kí ojú ẹ̀rọ kà. Àwòrán nọ́ńbà náà, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò tí ìbàjẹ́ ti ṣẹlẹ̀, rìsíìtì àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ, ni ẹ̀rí tí ó ṣòro fún òǹtajà láti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ ìgunkẹ̀kẹ́-nínú-ilé wé òṣùwọ̀n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ẹ̀yìn ṣéènì ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń wọn agbára. Ìyàtọ̀ wáàtì díẹ̀ láàárín wọn kò fi ìbàjẹ́ hàn.

Omi tó wọlé ni ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ á sọ pé ẹni tó ni ín fi omi tó ń tú pẹ̀lú agbára fọ kẹ̀kẹ́ rẹ̀; ẹni náà á sọ pé òjò lásán ni. Àwòrán ìdérí bátìrì àti rọ́bà inú rẹ̀, tí a yà ní ọjọ́ tí a rà á àti ní ọjọ́ tí ó kú, sábà máa ń jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín òṣùwọ̀n tuntun àti lẹ́tà ìkẹ́dùn.